Zoom H1n lórí pẹpẹ ilé ìdáná màmá àgbà

Ẹ̀bẹ ni màmá àgbà ń sè lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ Zoom H1n yìí wọ ilé ìdáná wọn ní Ìbàdàn. Iṣu ti rọ̀, epo ti wọ̀ ọ́ lára, ìkòkò sì ń dún bí ẹ̀bẹ tó nípọn ṣe máa ń dún: á dákẹ́, á wú díẹ̀, á wá bẹ́ "pùkẹ́" lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á tún dákẹ́. Mo gbé ẹ̀rọ náà sórí pẹpẹ, láàárín agolo iyọ̀ àti ike èlùbọ́, mo kọjú rẹ̀ sí ibi tí wọ́n dúró sí, mo tẹ bọ́tìnnì pupa, mo lọ jókòó sórí àpótí lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Wọ́n wò ó lẹ́ẹ̀kan, wọ́n bi mí bóyá epo tó ń ta kò ní í bà á jẹ́. Mo ní kò ní í bà á jẹ́, mà, ó jìnnà sí iná. Lẹ́yìn ìyẹn, wọn ò tún wo ibẹ̀ mọ́.

Kò pẹ́ ni ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́fà, bá ní kí wọ́n pàlọ́ fún òun. Màmá ò fi orógùn sílẹ̀. "Ààlọ́ o!" Ọmọ náà dáhùn, "Ààlọ̀!" Wọ́n ní àlọ́ àwọn dá fìrìgbagbòó, ó dá lórí Ìjàpá Tìrókò ọkọ Yánníbo. Èyí tí Ìjàpá lọ sílé àna rẹ̀ ni, tó bu ẹ̀bẹ gbígbóná sínú fìlà, tó fi fìlà náà dé orí, tí àwọn àna wá ń sìn ín sọ́nà tí wọn ò tètè padà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀bẹ ni wọ́n ń rò, àlọ́ ẹ̀bẹ ni wọ́n ń pa. Nígbà tí ìtàn dé ibi tí orí ti ń jó Ìjàpá, wọ́n fi orógùn gbá etí ìkòkò lẹ́ẹ̀mẹta. Mi ò mọ̀ bóyá wọ́n mọ̀ ọ́n ṣe ni, tàbí ẹ̀bẹ tó lẹ̀ mọ́ orógùn ni wọ́n ń gbọ̀n dànù. Nígbà tí mo fi earpiece sétí lálẹ́ ọjọ́ náà, tí mo gbọ́ gbígbá mẹ́ta yẹn, orí mi wú.

Mo ti ń lo Zoom H1n láti nǹkan bí ọdún méjì, àwọn tó ń gbọ́ ètò mi sì ti bi mí léèrè títí pé kí ni mo fi ń gba ohùn sílẹ̀. Ètò náà kì í ṣe ńlá. Orin àtijọ́, ìtàn tí àwọn àgbà ń sọ, àti oúnjẹ tí à ń sè lọ́wọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́, òun náà nìyẹn. Podcast ni wọ́n ń pè é lóde òní. Màmá àgbà ní rédíò ni, wọ́n ní ohun tó fi yàtọ̀ kò ju pé èèyàn lè dá a dúró kó lọ wo ìkòkò rẹ̀ lórí iná, kó sì padà wá bá ọ̀rọ̀ níbi tó fi í sí.

Fóònù ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Ìṣòro rẹ̀ àkọ́kọ́ ni pé kò sẹ́ni tí kò mọ fóònù. Bí mo bá ti nà án sí màmá báyìí, ohùn wọn á yí padà, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń kí ọmọ tó wà lókè òkun. Ẹnì kan á pè mí láàárín ìtàn, gbogbo rẹ̀ á dàrú. Èyí tó dùn mí jù ni pé fóònù tèmi ti pinnu pé ohùn èèyàn nìkan ni mo fẹ́. Ohun mìíràn tó bá gbọ́, á kà á sí ariwo, á tẹ̀ ẹ́ rì. Mo gba ewédú sílẹ̀ nígbà kan, tí wọ́n ń fi ìjábẹ̀ ja á. Ẹ̀yin náà mọ ohùn yẹn, ṣàṣàṣà ìjábẹ̀ nínú ìkòkò, tó máa ń le níbẹ̀rẹ̀ tó sì ń rọ̀ díẹ̀díẹ̀ bí ewédú ṣe ń yọ̀, tó fi jẹ́ pé etí nìkan tó fún ìyá tó mọ ọbẹ̀ láti mọ̀ pé ó ti kúnná. Nígbà tí mo tún un gbọ́, ìjábẹ̀ ti pòórá. Ohùn màmá nìkan ló kù, bí ohùn ẹni tó dá dúró sínú yàrá òfìfo. Ọjọ́ yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀.

Kí n kọ́kọ́ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀, torí wọ́n máa ń bi mí: Zoom yìí kì í ṣe Zoom tí a fi ń ṣèpàdé lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ilé-iṣẹ́ kan ní orílẹ̀-èdè Japan ni, wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1983, ẹ̀rọ olórin ni wọ́n ń ṣe. H1 àkọ́kọ́ jáde ní 2010, H1n tí mo ń lò yìí tẹ̀lé e ní 2018. Bíi 120 dọ́là ni wọ́n ń tà á ní Amẹ́ríkà nígbà tó jáde. Mi ò ní kọ iye náírà tí mo fi ra tèmi, torí iye òní kì í ṣe iye ọ̀la. Tokunbọ̀ ni, Computer Village n'Íkẹjà ni mo ti rà á, ẹni tó tà á fún mi sì jẹ́ kí n fi bátìrì sí i, kí n gba ohùn sílẹ̀, kí n gbọ́ ọ, kí n tó sanwó. Bí ẹ̀yin náà bá fẹ́ ra tokunbọ̀, ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ṣe nìyẹn. Ẹ pàtẹ́wọ́ lápá òtún, ẹ pàtẹ́wọ́ lápá òsì, kí ẹ gbọ́ bóyá etí rẹ̀ méjèèjì ń ṣiṣẹ́. Ẹ ṣí ilé bátìrì rẹ̀ wò, kí ẹ rí i pé omi bátìrì kò tíì jẹ ẹ́.

Láìfi bátìrì sí i, gíráàmù 60 ni, bí ẹyin adìyẹ ńlá kan. Ike ni ara rẹ̀. Lórí rẹ̀, lábẹ́ àgò kékeré kan tó dáàbò bò wọ́n, máìkì méjì wà tí wọ́n kọ ara wọn ní ìwọ̀n igun 90°, ọ̀kan ń gbọ́ ọ̀tún, èkejì ń gbọ́ òsì. Torí náà, tí ẹ bá fi earpiece sétí méjèèjì, ẹ ó mọ̀ pé iná wà lọ́wọ́ ọ̀tún, ọmọ wà lọ́wọ́ òsì, màmá sì wà láàárín. Ẹ ó mọ ìgbà tí wọ́n yí padà lọ mú iyọ̀. Ẹni tó ń gbọ́ mi láti Birmingham kọ̀wé sí mi pé nígbà tí màmá ṣí ìdérí ìkòkò, òun fà sẹ́yìn bí ẹni pé ooru máa bu òun lójú. Inú mi dùn sí lẹ́tà yẹn gan-an.

Ní ọrùn rẹ̀, ohun roboto kan wà tí à ń fi ọwọ́ yí láti 0 dé 10, òun ló ń sọ bí ohùn tó ń wọlé ṣe máa pọ̀ tó. Ohun yíyí yẹn ni màmá fẹ́ràn jù lára rẹ̀. Wọ́n ní ó rán àwọn létí àpótí Rediffusion tó wà lára ògiri nílé bàbá àwọn. Rediffusion kò gba ohùn láti inú afẹ́fẹ́ bí rédíò tiwa. Wáyà ni wọ́n fi ń fà á wọlé, oṣooṣù ni wọ́n sì ń sanwó rẹ̀. Èkó ló ti bẹ̀rẹ̀ ní 1935, ó dé Ìbàdàn ní 1939. Asọ̀rọ̀mágbèsì ni àwọn ará ilé ń pè é. Màmá ní bí ìròyìn bá ti bẹ̀rẹ̀, ìyá wọn á ní kí ẹni tó ń gúnyán dáwọ́ dúró kí bàbá lè gbọ́, iyán á sì tutù nínú odó. Mo bi wọ́n pé kí ni ìyá wọn ń sọ nígbà náà. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Gbogbo ohun tí wọ́n sọ tẹ̀lé ìyẹn wà lórí ẹ̀rọ mi, wákàtí kan ó lé díẹ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ bọ́tìnnì la fi bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ bí mo ṣe ń lò ó nílé ìdáná, torí ibẹ̀ ni mo ti kẹ́kọ̀ọ́ jù.

Ọ̀tá àkọ́kọ́ ni fíríìjì. Etí wa ti mọ́ ọn lára débi pé a kì í gbọ́ ọ mọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ ń gbọ́ ọ. Tí mo bá lè pa á fún wákàtí kan, màá pa á, màá sì fi kọ́kọ́rọ́ ilé mi sínú rẹ̀ kí n má baà gbàgbé láti tan án padà. Tí kò bá ṣeé pa, tàbí tí jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò bá ń dún, Lo Cut ni mo ń tàn. Bọ́tìnnì tirẹ̀ wà níwájú. Ohun tó wúwo, tó ń dún ní ìsàlẹ̀, ni ó ń gé kúrò. Mo máa ń fi sí 80Hz, torí tí mo bá gé e jù bẹ́ẹ̀ lọ, ohùn bàbá tó bá ń sọ̀rọ̀ á di fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́.

Auto Level wà níbẹ̀ pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ èèyàn ló sì máa kọ́kọ́ tàn án, torí ó jọ pé ó ń dín iṣẹ́ kù. Ẹ má tàn án bí ẹ bá ń gba ìtàn sílẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé bí ibi gbogbo bá dákẹ́, á gbé ohùn sókè. Bí nǹkan bá ké, á rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀. Àwọn àgbà kì í sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sáré. Màmá á dé ibi tó dùn, wọ́n á dákẹ́, wọ́n á tọ́ ọbẹ̀ wò. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn wà lára ìtàn. Tí Auto Level bá wà ní títàn, ohun tí ẹ máa gbọ́ níbẹ̀ ni fíríìjì tó ń gòkè bọ̀ wá bí ọkọ̀ tó ń sún mọ́lé, nígbà tí màmá bá sì tún ya ẹnu, ohùn wọn á kọ́kọ́ pariwo kó tó rọlẹ̀. Mo ba ìtàn méjì jẹ́ báyìí kó tó yé mi. Ní báyìí, mo máa ń yí ohun roboto yẹn sí bíi 5 tàbí 6, tí mo bá gbé e sí ibi tó tó ìwọ̀n apá kan sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀, màá sì fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Limiter, tó ń dènà kí ohùn tó bá ké lójijì má baà fọ́, nìkan ni mo máa ń tàn, nítorí pé a kì í mọ ìgbà tí ìdérí ìkòkò máa já bọ́.

Ooru ọbẹ̀ kò dára fún un rárá. Ẹ má gbé e sí òkè iná. Ẹ gbé e sí ẹ̀gbẹ́, kó rí ìkòkò láti ọ̀ọ́kán, kí ooru kọjá níwájú rẹ̀. Fóòmù dúdú kan wà tí wọ́n ń tà láti fi bo máìkì nítorí afẹ́fẹ́. Mo máa ń fi í bò ó nílé ìdáná pẹ̀lú nítorí èémí fáànù àti epo tó bá ta dé ibẹ̀. Fóòmù ṣeé fọ̀, máìkì kò ṣeé fọ̀.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ odó. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo gba iyán gígún sílẹ̀, mo gbé ẹ̀rọ lé ilẹ̀ sìmẹ́ǹtì, nítòsí odó. Ohun tí mo gbọ́ lẹ́yìn kì í ṣe odó, ilẹ̀ ló ń dún gbì, gbì, gbì, bí ìgbà tí wọ́n ń wó ilé. Ìró odó ń gba ara ilẹ̀ wọ inú ẹ̀rọ náà kó tó gba afẹ́fẹ́ dé etí rẹ̀. Màmá ló yanjú ẹ̀. Wọ́n ka aṣọ àtijọ́ kan ní òṣùká, bí ẹni tó fẹ́ ru omi, wọ́n gbé e sórí pẹpẹ, wọ́n ní kí n gbé ẹ̀rọ lé e. Ẹ̀rọ náà kéré, ó jókòó sínú ihò òṣùká bí ẹyin tó wà nínú ìtẹ́. Láti ọjọ́ yẹn, odó dún bí odó: ọmọ odó tó ń bọ́ lé iṣu, iṣu tó ń fà, èémí ẹni tó ń gún un. Òṣùká yẹn wà nínú àpò mi títí di òní, mo sì ń gbé e lọ síbi gbogbo tí mo bá lọ. Bí ẹ bá fẹ́ ẹsẹ̀ mẹ́ta, ojú ihò rẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀rọ náà, ó gba èyí tí wọ́n fi ń gbé kámẹ́rà.

Ọ̀rọ̀ orin ńkọ́? Ẹni tó bá ń ṣe podcast orin mọ̀ pé àwo olórin kò ṣeé fà yọ kí a fi sí ètò wa láìgbàṣẹ. Tí mo bá ń sọ̀rọ̀ nípa àpàlà Haruna Ishola, tó kú ní 1983, tí mo fẹ́ kí ẹni tó ń gbọ́ mi mọ bí agídìgbo ṣe ń jókòó sábẹ́ ohùn olórin tí ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀ sì ń fọ́n ká lórí rẹ̀, ohun tó kù fún mi ni pé kí n wá àwọn onílù tó lè lù ú lójú mi, kí n sọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe fún wọn, kí n gbàṣẹ, kí n sì sanwó iṣẹ́ wọn. Èyí ló mú kí ẹ̀rọ yìí ṣe pàtàkì fún mi ju bí mo ṣe rò lọ.

Ìlù kò jọ àlọ́. Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà sọ pé ó lè gba ohùn tó tó 120 dB (dB ni wọ́n fi ń wọn bí ohùn ṣe le tó) kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́, ìyẹn sì tó fún dùndún, tí ẹ kò bá ṣáà gbé e sábẹ́ ojú ìlù. Mo máa ń sún sẹ́yìn tó bí ìṣísẹ̀ mẹ́ta tàbí mẹ́rin, màá yí ohun roboto wá sí 2 tàbí 3, màá sì pa Lo Cut, torí ohun tí Lo Cut ń gé nílé ìdáná ni ikùn ìyá ìlù. Máìkì méjì tó kọ ara wọn yẹn ló ń jàre níbí. Ẹ ó gbọ́ gúdúgúdú lápá òsì tó ń ta bí àgbàdo tó ń yan, ìyá ìlù á máa sọ̀rọ̀ láàárín, ṣaworo etí rẹ̀ á sì máa jó lọ jó bọ̀ pẹ̀lú apá onílù. Nígbà tí onílù kan gbọ́ ara rẹ̀ lórí earpiece mi, ó ní kí n tún un ṣe, ó ní ó ku ọ̀rọ̀ kan tí òun sọ tí kò dá òun lójú pé ìlù sọ ọ́ já. A tún un ṣe. Ó tọ̀nà, ó dára ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Ibi orin ni mo ti pàdánù ohun tó dùn mí jù lọ, ẹ̀rọ yìí kò sì lẹ́bi níbẹ̀. Mẹ́mórì káàdì kékeré ni ó ń lò, microSD, kò sì gbà ju 32GB lọ. Mo ra ọ̀kan lọ́jà, lọ́wọ́ ẹni tí mi ò ní dárúkọ. Wọ́n kọ 32GB sí i lára. Mo fi gba àwọn onílù mẹ́ta sílẹ̀ fún wákàtí méjì gbáko ní ọ̀sán Sátidé kan. Nígbà tí mo délé, ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ ló wà níbẹ̀, ìyókù jẹ́ òfo. Káàdì náà kò tó ohun tí wọ́n kọ sí i, ó kàn ń tan ẹ̀rọ jẹ ni. Ọ̀kan lára àwọn onílù yẹn ti fi Ìbàdàn sílẹ̀ báyìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò sì tíì tún jókòó papọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, tí ẹ bá ra káàdì, ẹ kọ́kọ́ kó fáìlì kún un bámúbámú lórí kọ̀ǹpútà, kí ẹ ṣí wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó fi gba ohùn ẹnikẹ́ni. Ó máa ń gba àṣálẹ́ kan. Ẹ fi àṣálẹ́ náà sílẹ̀ fún un.

Káàdì tó bá pé ṣe dáadáa. Mo máa ń gbà á ní WAV, irú fáìlì ńlá tí kì í fún ohùn pọ̀ bíi MP3, 24-bit, 48kHz. Wákàtí kan ń gba bíi 1GB, nítorí náà 32GB tó fún bí ọgbọ̀n wákàtí. Ẹ má gbà á ní MP3 láti ìbẹ̀rẹ̀ nítorí pé ẹ fẹ́ ṣọ́ àyè. Ẹ gbà á ní WAV, kí ẹ sọ ọ́ di MP3 nígbà tí ẹ bá gé e tán. Àwọn tó ń gbọ́ mi, dátà ló ń dùn wọ́n, nítorí náà èyí tí mò ń fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp jẹ́ 64kbps: wákàtí kan kò ju bíi 29MB lọ, ìtàn sì ṣì dùn ún gbọ́. Àwọn ètò ìlù nìkan ni mò ń fi sí 128.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ẹ tó rà á: bátìrì AAA méjì ló ń lò, wákàtí mẹ́wàá ni wọ́n kọ pé ó lè fi ṣiṣẹ́ tí bátìrì bá jẹ́ alkaline. Bátìrì olówó pọ́ọ́kú tí mo rà lẹ́bàá ọ̀nà kò fún mi ní ìdajì ìyẹn. Mo ti wá ra èyí tó ṣeé chájì, mẹ́rin, méjì nínú ẹ̀rọ, méjì nínú àpò. Ó tún lè lo iná láti ara páwà báǹkì, èyí tó dára gan-an fún àwa tí NEPA kì í dúró tì. Bí ẹ bá fi ọwọ́ mú un nígbà tó ń gba ohùn, ìka yín máa dún nínú rẹ̀, bó ṣe rí pẹ̀lú gbogbo ẹ̀rọ tó fúyẹ́ báyìí. Ẹ gbé e kalẹ̀. Ojú rẹ̀ kéré, lẹ́tà ibẹ̀ sì kéré, ẹni tí ojú ń dùn máa nílò awò. Ihò máìkì rẹ̀ jẹ́ ti earpiece, kò gba máìkì ńlá tí wọ́n ń lò ní ṣọ́ọ̀ṣì láìsí ohun tí wọ́n fi so wọ́n pọ̀. Bọ́tìnnì tí a fi ń tan án ni a tún ń tì sápá kan láti fi dè é, kí ọwọ́ má baà ṣèèṣì pa á. Ẹ máa tì í. Ọmọ ọdún mẹ́fà yẹn ti fi ìyẹn kọ́ mi.

Ní 2024, Zoom gbé H1essential jáde. Èyí kò ní ohun roboto yíyí rárá. 32-bit float ni ó fi ń gba ohùn, ìyẹn ni pé ẹ lè gba ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ àti igbe sílẹ̀ láìyí nǹkan kan, kí ẹ wá gbé ohùn sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lórí kọ̀ǹpútà. Ó tún lè fi ohùn ka ohun tó wà lójú rẹ̀ síta fún ẹni tí kò ríran. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ lónìí, tó ní kọ̀ǹpútà tó dára, tó sì lówó rẹ̀, mo rò pé èyí ló yẹ kó rà. Èmi ò tíì ní í kúrò lórí H1n. Mo fẹ́ràn kí n yí nǹkan kí n tó bẹ̀rẹ̀, kí n tẹ́tí sí ilé fún ìṣẹ́jú kan, kí n mọ ohun tó ń dún níbẹ̀. Fún ẹni tó fẹ́ gba ìtàn ilé baba rẹ̀ sílẹ̀, tí kò fẹ́ náwó púpọ̀, tokunbọ̀ H1n kan, káàdì tó pé, bátìrì mẹ́rin àti òṣùká kan tó.

Màmá fúnra wọn kò tíì gbọ́ àlọ́ ẹ̀bẹ yẹn títí di oṣù tó kọjá. Mo fi earpiece sí wọn létí, mo jókòó sí ẹsẹ̀ wọn. Wọ́n dijú. Wọ́n gbọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ọwọ́ wọn ń ro afẹ́fẹ́ bí ẹni tó mú orógùn. Nígbà tó parí, mo rò pé wọ́n máa sọ pé ó dùn. Wọ́n yọ earpiece, wọ́n ní àwọn fo orin kan. Wọ́n ní níbi tí àwọn àna ti kọ̀ tí wọn ò padà, Ìjàpá ní orin tó ń kọ bẹ̀ wọ́n níbẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta ló sì ń kọ ọ́. Ẹ̀bẹ ló fẹ́ jóná lọ́jọ́ náà tí àwọn fi fò ó. Wọ́n dákẹ́ díẹ̀, wọ́n tún ní iyọ̀ ọjọ́ náà kéré, àwọn gbọ́ bí àwọn ṣe ṣí agolo, ẹ̀ẹ̀kan péré ni àwọn bù.

Wọ́n ní kí n ra iṣu wá lọ́jọ́ Sátidé. Mo ti chájì bátìrì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.